Èémí tó sé yàtọ̀ sí èémí tó dákẹ́

À ń wá orúkọ Yorùbá fún sleep apnea, àìsàn tí èémí ẹni tó ń sùn fi máa ń dúró, tí á sì tún padà. Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ìdákẹ́ èémí lójú oorun" lánàá, ẹ kú làákàyè. Àtàárọ̀ ni mo ti ń pe ọ̀rọ̀ náà, ẹnu mi ò gbà á. "Bàbá ti dákẹ́": ta ló máa gbọ́ ọ tí kò ní béèrè ọjọ́ ìsìnkú?

"Èémí-sísé ojú oorun" ni mo fẹ́ ká máa lò. Ọ̀dọ̀ mi ní Èbúté Mẹ́ta ni ìyá mi ń gbé, Alzheimer, àìsàn ọpọlọ tó ń fa ìgbàgbé, ló ń ṣe wọ́n. Lóru, tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti kú, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun. Á kàn dá lójijì. Àyà wọn á máa lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé. Ení, èjì, ẹ̀ta... mo kà á dé ogún lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi agbára fa èémí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú ọ̀sà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ ni Yorùbá ń sọ pé ó sé. Wọ́n ń sé odò. Nǹkan oṣù obìnrin ń sé, ó sì ń padà wá. Àlàyé àwọn dókítà bá a mu: iṣan ọ̀fun á dẹ̀, ahọ́n á fà sẹ́yìn, ọ̀nà èémí á dí. Ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 10 kí wọ́n tó kà á. Bó bá ṣẹlẹ̀ nígbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin wákàtí kan, ó ti le gan-an. Irú kejì wà tí ọ̀fun ò dí rárá, ọpọlọ ni kò ránṣẹ́ sí àyà. "Sé" gba ìyẹn náà, nítorí oṣù tó sé kò ní kí nǹkan dí i lọ́nà.

Ẹni tó ní ká pè é ní "ogun òru", ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ilé àdúrà nìkan ni orúkọ yẹn máa rán ènìyàn lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú kí ọ̀fun má baà dí ti wà láti 1981, tí dókítà Colin Sullivan ṣe é ní Sydney, ní Australia.

Ní ti "ìdárasí oorun" tí wọ́n ní ká máa pe sleep quality, ìyẹn bí oorun ṣe dára tó, kí ló ṣe "oorun tó wọra"? Èémí tó bá ń sé kì í jẹ́ kó wọra, ọpọlọ á máa ta jí ṣáá. Ilẹ̀ á mọ́, ìyá á máa tòògbé lórí oúnjẹ, ìgbàgbé á tún pọ̀ sí i. Èémí-sísé yìí wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní Alzheimer, àmọ́ arán ni mo ka gbogbo rẹ̀ sí. Dókítà bi mí nígbà kan pé ṣé wọ́n ń sùn dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń hanrun, torí lójú tèmi, ẹni tó ń hanrun ni oorun dùn mọ́. Oṣù mẹ́jọ kọjá lórí ìdáhùn yẹn. Ká ní ó bi mí pé, "Ṣé èémí wọn máa ń sé?", ǹ bá ti sọ fún un nípa ogún tí mo kà.