Báwo ni kí a ṣe kọ orúkọ obìnrin tó ń sin àdúgbò sílẹ̀ fún ìdánilọ́lá?

Akọ̀wé Àdúgbò, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa fẹ́ fi Ọjọ́ Àwọn Obìnrin Lágbàáyé, ìyẹn ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, yẹ́ obìnrin mẹ́ta sí, èmi ni wọ́n sì ní kí n gba orúkọ jọ. Ní èṣí, àwọn tó dá owó sí iṣẹ́ gọ́tà ni a fún ní àmì ẹ̀yẹ. N kò sọ pé wọn kò yẹ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pe orúkọ wọn, ìyá ológì ìkóríta wa ni ojú mi ń bá pàdé lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tó ti ń bu omi fún àlejò.

Láti ọdún 2006 ni obìnrin yìí ti ń gba àjọ àwọn obìnrin àdúgbò, kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mo ti rí ìwé àjọ náà. Ìwé ọmọ iléèwé ni, ó fi ọ̀rá wé e kí omi ògì má bàa bà á jẹ́, ìlà kọ̀ọ̀kan ló sì ń fà fún owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nítorí kò mọ̀wé. Kí ó lè mọ olówó, ó ya àwòrán kékeré síwájú ìlà: abẹ́rẹ́ fún aránṣọ, ẹja fún ẹlẹ́ja. Bí ìrọbí bá mú aboyún lóru, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ń kàn, òun ni yóò sì lọ jí onímọ́tò tó wà ní òdìkejì títì.

Ìgbìmọ̀ ní kí n mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀ tí a tẹ̀. Kò ní ọ̀kankan. Àwọn kan tún ń sọ pé kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá, pé láti Àjàṣẹ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí wọn yóò fi gbà? Ṣé kí n sì kọ́kọ́ sọ fún un?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham

Ẹ kú akitiyan, Akọ̀wé. Ní Ìlú Ọba níbí, ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí ìjọba fún àmì ẹ̀yẹ tí Ọba ń fi dáni lọ́lá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà ọdún tuntun àti ní oṣù Kẹfà. Wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí iléèwé. Wọ́n ń béèrè iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe, iye ọdún tó ti wà lẹ́nu rẹ̀, àti ohun tó ti yí padà nítorí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà méjì, ó kéré tán, láti ọwọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n tilẹ̀ mú British Empire Medal padà ní ọdún 2012, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a dúró ní ọdún 1993, kí wọ́n lè rí nǹkan fi yẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ ládùúgbò sí.

Èmi àti àwọn obìnrin kan kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, kò sì bọ́ sí i. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí ibi tí a ti ṣì í: láti òkè dé ìsàlẹ̀, à ń kọ pé ó láàánú, pé ìwà rẹ̀ tutù, pé ìyá gbogbo wa ni, ṣùgbọ́n a kò dárúkọ ọjọ́ kan tàbí ilé kan. Ẹ jẹ́ kí ìwé àjọ yẹn jẹ́ ẹ̀rí yín. Ẹ ka iye obìnrin tó wà nínú rẹ̀, ẹ bi aránṣọ yẹn léèrè ohun tó fi owó àjọ rẹ̀ rà, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ní ti kí ẹ sọ fún un, níbí wọ́n máa ń ní kí a má jẹ́ kí ó gbọ́, kí ó má bàa máa retí ohun tó lè má rí gbà, nítorí ó máa ń tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èsì tó dé.

Ìyá Àgbà, Ìtòkú

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi ní Peckham lórí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ti àṣírí. Nílé níbí, obìnrin tí a bá yẹ́ sí ní gbangba, àlejò yóò tẹ̀lé e délé, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, onífótò yóò gba owó tirẹ̀, ẹbí ọkọ yóò sì béèrè aṣọ. Mo mọ ẹni tó yá owó nítorí àmì ẹ̀yẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ lọ bá a, ẹ bi í bóyá ó fẹ́, kí ẹgbẹ́ sì gbé ìnáwó ọjọ́ náà, títí kan owó ọjà tí kò ní lè tà.

Ní ti ọmọ Ẹ̀gbá tàbí àlejò, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830, a sì gba àwọn Òwu mọ́ra nígbà tí wọ́n dé lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn baba wa ń wò. Nítorí ìbọn àti ẹ̀tù tí Ẹfúnróyè Tinúbú pèsè nígbà tí Dàhòmì gbógun wá ni wọ́n fi fi í jẹ Ìyálóde ní ọdún 1864. (Ó ṣòwò ẹrú pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a fi èyí pamọ́ bí a bá ń yìn ín.) Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti náà, kí ìjọba Nàìjíríà tó fún un ní oyè MON (Member of the Order of the Niger) ní ọdún 1965, àwọn obìnrin ọjà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, nítorí ó kọ́ wọn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ó sì bá wọn ja ìjà owó orí títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949.

Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ fi fóònù gba ohùn àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì kà á sí wọn létí kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá jẹ́ ẹbí ẹni tí a ń yàn, kí ó bọ́ síta nígbà tí wọ́n bá ń dìbò.

Akọ̀wé Àdúgbò, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo lọ bá a láàárọ̀ yìí, ògì ló ń sẹ́ lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ bi mí pé, "Kí ni mo ṣe?" Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní òun gbà, bí a bá lè fi ayẹyẹ náà sí ọ̀sán, nítorí àwọn ọmọ iléèwé kò gbọdọ̀ wá bá ìkòkò òfìfo láàárọ̀. Aránṣọ ti sọ tirẹ̀: owó àjọ ló fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Onímọ́tò ka aboyún 11 fún mi, ó sì ń dárúkọ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kí ó yá mi ní ìwé àjọ náà kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Ó fi ọ̀rá mìíràn wé e fún mi, ó ní kí n dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú, torí alẹ́ ni ẹlẹ́ja máa ń wá sanwó.