Wáyà wo ló tọ́ fún ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n ẹ̀rọ ìfami?

Ẹ̀yin ọ̀gá oníná, ẹ kú iṣẹ́ o. Tanke ní Ilorin ni mò ń gbé. Kànga wa tó mítà 40 sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sumo (èyí tí wọ́n ń rì sínú omi) 1.5 HP ni ẹ̀rọ wa, wáyà 1.5mm ló wà nínú ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n. Bí a bá tàn án, á kàn máa kùn ni, wáyà á sì gbóná. Mo ti pààrọ̀ kapásítọ̀ (ohun tó ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti gbéra), mo tú wáyà sílẹ̀ láìká a jọ, pàbó ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ẹ̀rọ náà dé ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Ontàwáyà kan ní 2.5mm ti tó, èkejì ní àfi 4mm (owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré!). Ní alẹ́, iná wa máa ń wálẹ̀ sí 180V, tí kò tó bó ṣe yẹ. Èwo ni kí n rà nínú méjèèjì?