Ìkànnì kan tàbí méjì fún sọ́fútíwia open source wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sọ́fútíwia ìṣirò ọjà ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà tá a ń bá bójú tó o lórí sáfà ni owó ti ń wá. Ìkànnì kan ṣoṣo ló ń gba àwọn tó ń kọ kóòdù àti àwọn tó ń sanwó, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn tó ń bá wa kọ kóòdù rí bọ́tìnnì "Rà á" lókè téńté, wọ́n ní a ti sọ ọ́ di ọjà. Oníbàárà tó sanwó tún ń lọ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìrànlọ́wọ́, ó ń bínú pé wọn ò tètè dáhùn.

A gbé àwùjọ àwọn tó ń kọ kóòdù lọ sí subdomain (àdírẹ́sì kékeré lábẹ́ àdírẹ́sì ìkànnì wa), ṣùgbọ́n ìwé ìlò ṣì wà lójú ìkànnì tá a ti ń tajà. Moodle (sọ́fútíwia open source fún ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì) ya moodle.org tó jẹ́ ti àwùjọ sọ́tọ̀ kúrò lára moodle.com tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ó wù mí. WordPress (sọ́fútíwia tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì) náà ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń ṣi méjèèjì mú fún ara wọn (orúkọ kan náà ló fà á, lójú tèmi).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí: tá a bá gba .org, ṣé ká kó ìwé ìlò lọ síbẹ̀, ká fi redirect 301 darí àwọn líǹkì àtijọ́, àbí ká fi í sílẹ̀ ní .com kí Google má bàa tì wá sẹ́yìn nígbà táwọn èèyàn bá ń wá wa?