Òdòdó tí mo já kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe sóbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣápá pupa tí wọ́n ń fi ṣe sóbò, èyí tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn.

Oṣù karùn-ún ni mo fọ́n irúgbìn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ó ti ga jù mí lọ, síbẹ̀ òdòdó kan ṣoṣo kò yọ. Mo rò pé ìgbẹ́ adìyẹ tí mo dà sí i ló pọ̀ jù. Mo ti mú àdá, mo fẹ́ gé e kí n gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀, ni màmá àgbà ilé kejì, ọmọ Èkìtì ni wọ́n, bá pariwo láti ojú fèrèsé: "Má gé e! Iṣápá kì í tanná títí ọ̀sán á fi máa kúrú." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Nínú oṣù kẹwàá ni gbogbo rẹ̀ tanná. Ẹni tó tètè gbìn àti ẹni tó pẹ́ gbìn lè jọ rí òdòdó lákòókò kan náà.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Òdòdó rẹ̀ jọ ti ilá gan-an, àárín rẹ̀ pọ́n dúdú. Mo já a, mo sá a, mo sè é. Omi kò pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò kan. Ó dùn mí gan-an. Màmá ní, "Aṣọ ìjáde ọjọ́ kan lo já yẹn. Àárọ̀ ló ń là, kó tó di alẹ́ ó ti rọ. Ìdí pupa tó gbé e dúró ni kí o jẹ́ kó sanra." Mo fi sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo já a, mo ti kóró inú rẹ̀ jáde, mo sá a. Mo fi ata ilẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó sè é nínú ìkòkò tánganran, nítorí kíkan rẹ̀ máa ń jẹ alúmínì. Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀!

— Ẹ ṣeun, àǹtí mi. Iṣápá funfun là ń jẹ nílé tiwa. A ó bọ̀ ọ́, a ó fún kíkan rẹ̀ dànù, ká tó dà á sínú ẹ̀gúsí. Pẹ̀lú iyán, mi ò mọ ọbẹ̀ tó tó o. Àwọn kan ń fi kánún pa kíkan rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò lára pupa. Mo ṣe é rí, omi rẹ̀ di àwọ̀ aró tó ti ṣá.

— Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbàlagbà nílé, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń mu sóbò láàárọ̀ lálẹ́. Òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Dókítà ní sóbò fúnra rẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, tó bá wá pàdé oògùn, ó lè wálẹ̀ jù. Ẹ sọ fún dókítà yín pé ẹ ń mu ún.