Ẹ wá sọ ìrírí yín pẹ̀lú John Mayall àti ẹgbẹ́ Bluesbreakers

Ọmọ Òṣogbo ní Leeds

Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti July 22, 2024 tí John Mayall ti dágbére fáyé ló ti ń wù mí ká jókòó sọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Ẹni 90 ọdún ni nígbà tó kú ní California, láti ọdún 1963 ló sì ti ń kó ẹgbẹ́ olórin blues kiri ayé. Ẹni tó bá ti rí wọn lójúkojú, kó wá sọ ọ́. Ẹni tó jẹ́ pé inú àwo ló ti gbọ́ wọn, tiẹ̀ náà wúlò níbí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣíwájú. Gbọ̀ngàn kékeré kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni mo ti rí wọn, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ku ẹni mẹ́ta péré. Bí mo ṣe wọlé, Mayall fúnra rẹ̀ ni mo bá nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ta CD. Bàbá onírun funfun, ó so irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń gba owó, ó ń ka ṣéńjì, ó ń fọwọ́ sí àwo fún ẹni tó bá rà. Mo ra ọ̀kan, ó ní kí n kọ orúkọ mi sórí bébà kóun lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo kọ ọ́ tàmì tàmì. Ó wo bébà náà dáadáa, ó wá fi gègé dúdú kọ gbogbo rẹ̀ sórí àwo, títí kan àmì abẹ́ lẹ́tà. Èrò tò sẹ́yìn mi, kò tìtorí ìyẹn kánjú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí pèpéle. Greg Rzab ló wà lórí gìtá béèsì, Jay Davenport lórí ìlù, ọmọ Chicago làwọn méjèèjì. Mayall ń fi ọwọ́ kan tẹ dùùrù, ó ń fi ọwọ́ kejì di hamóníkà mú sẹ́nu. Kò sí onígìtá kankan níbẹ̀, nínú ẹgbẹ́ ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ títọ́ onígìtá dàgbà! Rocky Athas tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ, Mayall sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo fún ìgbà díẹ̀. Síbẹ̀ orin náà kún. Ọ̀pọ̀ wa ló ka Bluesbreakers sí ọ̀nà tí àwọn onígìtá bí Eric Clapton, Peter Green àti Mick Taylor kàn gbà kọjá. Lójú tèmi, etí Mayall gan-an ni ẹgbẹ́ yẹn. Ẹni yòówù kó wọlé, ẹni yòówù kó jáde, etí yẹn ló ń yàn wọ́n, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ ibi tí kálukú lè dé.

Bàbá Ìjẹ̀bú-Òde

O ṣeun, ọmọ mi. Èmi bá wọn nígbà tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mí ní London nígbà náà. Tó bá ti di alẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, ilé ijó Flamingo ní Wardour Street, ní Soho, là ń forí lé. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àsìkò tí ọ̀pọ̀ onílé ò fẹ́ gbà wá sílé nítorí àwọ̀ wa nìyẹn, ṣùgbọ́n ní Flamingo, àwa ọmọ Áfíríkà, àwọn ará Jàmáíkà àtàwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń jó mọ́jú.

Ìparí ọdún 1966 ni mo rí ẹgbẹ́ Mayall níbẹ̀. Clapton ti lọ dá ẹgbẹ́ Cream sílẹ̀ pẹ̀lú Jack Bruce àti Ginger Baker, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Green ló dúró sáyè rẹ̀. Àwọn kan nínú èrò ń pariwo orúkọ Clapton. Ó bí mi nínú, torí ọmọ ọlọ́mọ ò tíì ta okùn kan. Mayall ò bá wọn fa ọ̀rọ̀ rárá. Ó gbé orin tó kàn fún Green, òun fà sẹ́yìn sídìí dùùrù. Green ò sáré. Yóò mú ohùn kan ṣoṣo, yóò fà á, yóò jẹ́ kó máa gbọ̀n, yóò wá dákẹ́ díẹ̀ kó tó mú òmíràn. Kó tó parí orin náà, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Clapton mọ́.

Ẹ má gbàgbé pé Mayall kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. 1933 ni wọ́n bí i, ní Macclesfield. Ó ti ṣe sójà dé Korea, Japan ló ti ra gìtá oníná rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tó gba ìsinmi níbi iṣẹ́ ogun. Iṣẹ́ àwòrán yíyà ló ń ṣe jẹun ní Manchester kí olórin blues kan, Alexis Korner, tó rọ̀ ọ́ pé kó máa bọ̀ ní London, ó sì ti ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. John McVie tó ń ta béèsì fún un ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ agbowó-orí ni. Ìṣe ẹ̀gbọ́n ló ń ṣe sí wọn. Nígbà tí ọjọ́ìbí Green kò, ó san owó sítúdíò, ó ní kí Green lọ gba ohun tó bá wù ú sílẹ̀. Green, McVie àti Mick Fleetwood onílù ni wọ́n jọ lo àkókò náà, inú iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni orúkọ Fleetwood Mac ti jáde. Nígbà tó di 1967, Green ti lọ dá ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, McVie náà sì bá a lọ. Ẹ̀bùn tí ọ̀gá fún ọmọ ni ọmọ fi ṣe fríídọ́ọ̀mù, ọ̀gá ò sì tìtorí ẹ̀ bá a ṣọ̀tá.

Onígìtá Mọ́kọ́lá

Bàbá, ẹ kú ìrántí. Èmi ò dé London rí. Ìbàdàn níbí ni àwo tí Mayall àti Clapton jọ ṣe ní 1966 ti bá mi, èyí tí wọ́n ti ya Clapton níbi tó ti ń ka ìwé àwàdà ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Beano. Jùjú ni mo ń ta. Gìtá tiwa máa ń mọ́ gaara, ohùn kọ̀ọ̀kan á dá dúró. Ohùn inú àwo yẹn nípọn, ó ń kùn, ó ń fà bíi pé kò fẹ́ tán.

Mo wádìí bí wọ́n ṣe ṣe é. Gibson Les Paul àti ampilifáyà Marshall ni Clapton lò, ní sítúdíò Decca ní West Hampstead. Láyé ìgbà náà, ṣe ni wọ́n máa ń ní kí onígìtá rẹ ohùn sílẹ̀ nínú sítúdíò. Clapton kọ̀. Ó ṣí Marshall sókè bó ṣe ń ṣí i lóde ijó, ó ní kí wọ́n gbé makirofóònù jìnnà sí i. Gus Dudgeon tó wà nídìí ẹ̀rọ ò rí irú ẹ̀ rí. Mayall àti Mike Vernon tó ń darí iṣẹ́ náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ampilifáyà onígílóòbù débẹ̀, ohùn á máa ya lára, okùn tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ò sì ní tètè kú. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ìka òrùka ni mo fi ń ti okùn kẹta sókè, ìka méjì tó ṣáájú rẹ̀ á máa ràn án lọ́wọ́, títí ohùn okùn náà á fi gun ohùn tó wà lókè rẹ̀. Awọ orí ìka mi bó kó tó mọ́ mi lára.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọ tí Bàbá sọ, ẹ gbọ́ èyí náà. Nínú ọdún 1965, Clapton àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàn kó sọ́kọ̀, ó di Greece. Nígbà tó padà dé, Mayall gbà á wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí Clapton ò yọjú sí òde tí wọ́n ń ṣe ní Welwyn Garden City, ọmọdékùnrin kan jáde láàárín èrò, ó bẹ Mayall pé kó jẹ́ kóun dúró fún apá kejì. Mick Taylor ni. Mayall ò gbàgbé ọmọ yẹn, nígbà tí Green lọ ní 1967, òun ló mú. Ẹni ọdún 18 ni. A mọ̀ nílé wa níbí pé ọ̀dọ̀ Moses Olaiya ni Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀, pé Obey náà gba ọ̀dọ̀ Fatai Rolling Dollar kọjá. Ṣùgbọ́n onígìtá mẹ́ta irú èyí léraléra láàárín ọdún mẹ́rin? Èmi ò mọ ẹlòmíràn.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ má bínú sí mi o. Ìrírí tèmi ni pé orin yìí ni ọkọ mi máa ń gbé sí i lọ́jọ́ Sunday tí mo bá ń dáná. Ohùn Mayall tín-ín-rín létí mi, imú ló ń gbà jáde. Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ni blues, àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ wọn kú sínú ìṣẹ́, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wá fi orin wọn lówó. Ṣé ẹ̀yin ò rí i bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá Ìjẹ̀bú-Òde

Mo rí i bẹ́ẹ̀, Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ. Ní ti ohùn rẹ̀, n ò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Nígbà tí John Lee Hooker wá ṣeré kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1964, ẹgbẹ́ Mayall ló ń lùlù sí i lẹ́yìn. J.B. Lenoir náà wà, tó ń kọrin lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú ní Alabama àti lórí ogun Vietnam. Nígbà tó kú ní 1967, Mayall kọ orin arò fún un lọ́dún náà gan-an, ó tún kọ òmíràn lórí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyẹn ò san gbèsè tí à ń wí yìí o. Ṣùgbọ́n kò fi orúkọ àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ pamọ́ rí.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ ṣeun, Bàbá. Lenoir yẹn ni mo fẹ́ lọ wá gbọ́ báyìí.

Onílù Ṣọ́ọ̀ṣì, Abẹ́òkúta

Èmi ni mo ń lu dùrọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. A máa ń lù ú débi pé ẹni tó ń dá orin ò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọ̀gá akọrin wa ló pè mí jókòó lọ́jọ́ kan, ó gbé àwo The Turning Point sí i fún mi, èyí tí Mayall gbà sílẹ̀ níwájú èrò ní Fillmore East ní New York, ní July 1969. Mick Taylor ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ bá Rolling Stones ni, Mayall fúnra rẹ̀ ló sì júwe rẹ̀ fún wọn. Gbogbo èèyàn ń retí kó tún wá akọni onígìtá mìíràn. Ó yọ gìtá oníná alágbára kúrò, ó tún yọ onílù kúrò! Jon Mark wà lórí gìtá onígi, Johnny Almond lórí sasofóònù àti fèrè, Steve Thompson lórí béèsì, Mayall fúnra rẹ̀ lórí gìtá àti hamóníkà.

Mo ń tẹ́tí wá ìlù, kò sí, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń kilẹ̀. Orin tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, ibì kan wà tí Mayall ti gbé hamóníkà kúrò lẹ́nu, tó wá ń fi ẹnu lásán ṣe ṣíkà-ṣíkà, ṣíkà-ṣíkà. Ìlù nìyẹn. Láti ìgbà náà, tí a bá bẹ̀rẹ̀ ìyìn, mo máa ń di ọwọ́ mi mú, mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí béèsì àti àtẹ́wọ́ ìjọ ń lọ kí n tó wọlé. Àwọn ìyá ìjọ ti kíyè sí i, wọ́n sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Ìkejà

Níwọ̀n bí Bàbá ti dárúkọ Ginger Baker, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba tiwa. Baker kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Mayall, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Mayall ni Clapton àti Jack Bruce ti jọ ta orin ní 1965, kí àwọn mẹ́ta tó dá Cream sílẹ̀. Lẹ́yìn Cream ni Baker wá sí Èkó. Ó bá Fela lùlù, ó kọ́ sítúdíò ARC sí Ìkejà, Paul McCartney náà sì dé ibẹ̀ ní 1973. Bàbá mi rí Baker níbi tó ti ń lùlù pẹ̀lú àwọn ọmọ Fela, ìtàn yẹn ò sì tán lẹ́nu wọn títí dòní.

Ọmọ Ìlọrin ní Texas

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ Clapton tó. Ọ̀rọ̀ Carolyn Wonderland ni tèmi. Ọmọ Texas níbí ni, 2018 ni Mayall fi í sí ipò onígìtá, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ipò náà mú nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi ti ń lọ wò ó ní Austin tipẹ́, níbi tó jẹ́ pé bí ẹ bá na ọwọ́ ẹ lè kan pèpéle. Yóò ta gìtá tán, yóò jókòó, yóò gbé òmíràn lé itan, yóò wá máa fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ sì gbòòrò, Ìyá Ìbejì, ti ẹnu ni tiẹ̀ ń gbà jáde.

Ohun tó jọ mí lójú lára Mayall ni pé ó ti lé ní 80 ọdún nígbà tó mú un, etí yẹn ṣì ń wá ẹni tuntun. Iná ti jó ilé rẹ̀ ní Laurel Canyon rí, ní 1979, ìwé ìrántí tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ jóná mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún kó Bluesbreakers jọ, tó ní Walter Trout àti Coco Montoya, onígìtá méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní April 2024 ni wọ́n tó kéde pé orúkọ rẹ̀ máa wọ Rock and Roll Hall of Fame, oṣù mẹ́ta péré kó tó kú. Wọ́n pẹ́ jù.

Carolyn ṣì ń ṣeré o. Ẹni tó bá ń kọjá ní Austin, ẹ yà wò ó, kẹ́ ẹ sì tètè dé kẹ́ ẹ lè rí iwájú dúró.