Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi nípa wíwo ẹyẹ nínú igbó tí a dáàbò bò

Ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè irú awò awọ̀nà-jíjìn tó yẹ fún wíwo ẹyẹ, àti ìdí tí mo fi ń gbóhùn wọn láì rí wọn, ẹ ṣeun. Àbọ̀ mi rèé.

8x42 ni mo mú. Ìlọ́po 8 ló fi ń sọ nǹkan di ńlá, ojú dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 42, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé dáadáa lábẹ́ igi. 10x náà dára, àmọ́ gbígbọ̀n ọwọ́ máa ń hàn jù nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tó wúlò jù ni pé kí n dé ní ìdájí, kí n dúró sójú kan níbi tí igbó ti pàdé omi, kí n sì fi ojú lásán mú ẹyẹ kí n tó gbé awò sójú. Báyìí ni mo ṣe rí àkókó kan kedere: ó fi ìrù rẹ̀ tó le ti ara igi, ó ń sọ ọ́ gbá-gbá-gbá, ó dúró, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí n kò gbà ni kí a máa fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ jáde láti fi pè é, pàápàá lásìkò ìyé, nítorí akọ lè rò pé àlejò ló wọ ààlà òun, kí ó sì pa ìtẹ́ tì láti wá lé e. N kò ní ìbéèrè mìíràn.