Róbọ́ọ̀tì ń pa àwọn ọmọ nọ́sìrì mi lẹ́kún, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, okun o. Ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Tíṣà nọ́sìrì ni mí ní Kabba níbí. Wọ́n fún wa ní róbọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń jó tó ń kọrin ABD, àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ tí bátìrì bá ti tán tó dákẹ́ báyìí, wàhálà dé, ọmọbìnrin kan á bọ́ súẹ́tà ẹ̀ fi bò ó, á ní "pẹ̀lẹ́, sùn", òmíì á figbe ta pé ó ti kú. Mo kà á pé irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní California, nínú ìwádìí tó jáde ní 2007, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo QRIO, róbọ́ọ̀tì Sony, torí náà mi ò rò pé nǹkan ń ṣe àwọn ọmọ wa. Mo ti ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ fi bátìrì hàn wọ́n, wọ́n ṣì ń sunkún. Ìyá kan ní ká má gbé e wá mọ́, èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó lójú àánú, nǹkan dáadáa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé ẹ̀rọ ni, kì í gbọ́ ìrora, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n máa kẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀? Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.